Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Orò Gbé Zikrullah

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba, Ṣẹ̀rífátù wà lára àwọn tó jó. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín o, gbogbo wa la jó. Àwọn tó ń bú ṣọ́jà káàkiri báyìí, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ní Gáréèjì Ìkòròdú, àwọn agbèrò tó ti ń fi kùmọ̀ gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ bẹ́ sínú gọ́tà, òmíràn sá tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Àwọn ọlọ́kadà ń tẹ fèrè. Obìnrin kan tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ń nu eruku lára ọkọ̀ ológun. Àwọn olóṣèlú ti sú wa débi pé bó bá jẹ́ ọ̀bọ ló wọ kákí dé, a ó ní kó máa bọ̀, kó wá jókòó.

Ṣẹ̀rífátù ní tiẹ̀ ń ta yìnyín ní Ìbèṣè, létí ọ̀sà. Ilé yìnyín náà kò ju yàrá kan lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí apẹja tó máa lọ sójú omi láìkọ́kọ́ yà níbẹ̀, kí ẹja rẹ̀ má baà rùn kó tó dọ́jà. Lọ́jọ́ tí àwọn ṣọ́jà wọ Ìbèṣè, ó gbé odindi yìnyín síta, ó fi òòlù fọ́ ọ, ó ń pín in fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Zikrullah, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ ó wọ Facebook!"

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ṣọ́jà kan fi yìnyín pa ọrùn, ó ní, "Mama, God bless you," Ṣẹ̀rífátù sì ṣe àmín títí ẹnu fi ń ro ó.

Ọ̀gá tí wọ́n fi ṣe olórí láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wa ń pè é. Arẹwà ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó pè wá jọ sí pápá ilé ìwé, ó ní àwọn ò ní pẹ́ lọ, ilé tó dọ̀tí làwọn wá gbá, tó bá ti mọ́ àwọn á padà sí bárékè. A pàtẹ́wọ́. Ó ní òun nílò ará ìlú tó ṣeé fọkàn tán láti máa bá òun ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n mú ní Ìbèṣè ni Alàájì Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n Ṣẹ̀rífátù, ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tí Bùsàrí jẹ́. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, kì í pa ìrun jẹ, òun náà ló sì jogún ipò bàbá wọn nídìí Orò àdúgbò wa. Àlejò lè rò pé ìjà ló yẹ kó wà láàárín méjèèjì. Ní tiwa, kò sí ìjà kankan. Ó ń kírun fún Ọlọ́run, ó ń ṣe ti ìlú fún ìlú. Nígbà tí ọkọ Ṣẹ̀rífátù kú, tí Zikrullah ṣì ń rákòrò, Bùsàrí ló kó ìyá àtọmọ wá sílé bàbá wọn. Òun ló rán ọmọ náà nílé ìwé, òun ló mú un lọ sẹ́nu iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Dádì ni Zikrullah ń pè é. Bí Ṣẹ̀rífátù bá sì fẹ́ búra kí èèyàn lè gbà á gbọ́, á ní, "Mo fi ẹ̀gbọ́n mi búra," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Àṣé gbígbá tí wọ́n ń gbá ilé yìí, gbogbo ẹrù inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbá lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà yí etí ọ̀sà ká, wọ́n ní ètò ààbò ni. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ omi láìgba àṣẹ. Ilé ìròyìn tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á tì í pa. Ẹni tó bá bú ìjọba nídìí ayò, a ò ní rí i mọ́ tó bá di ọjọ́ kejì. Àwọn agbèrò padà sí Gáréèjì, ṣùgbọ́n kákí ló wà lọ́rùn wọn lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ṣọ́jà ni wọ́n ń gbowó fún. Ìgbà tí ó yá ni típà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú wáyà lófìfo, tí wọ́n ń kún fún yanrìn jáde. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń wa ìsàlẹ̀ ọ̀sà wa tà! Omi dàrú, ẹja sá. Yìnyín Ṣẹ̀rífátù ń yọ́ dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ń rà á.

Ojú ti Zikrullah. Òun tó fi fídíò yin àwọn èèyàn yìí, ṣé ó lè dákẹ́? Ní ìpàdé kan níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì, nígbà tí gbogbo wa ń wolẹ̀, ó dìde.

"Sà, ẹ ní olè lẹ wá lé. Ẹ lé wọn lóòótọ́. Ibi tí wọ́n jókòó sí náà lẹ wá jókòó sí, oúnjẹ tí wọ́n sì ń jẹ lẹ̀ ń jẹ, kódà ẹ̀yin tún ń lá abọ́."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn kan, wọ́n yára gbé e mì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ ta nìyí?"

Bùsàrí tó jókòó tì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ mi ni, sà. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Zikrullah fi fóònù ya àwọn típà, ó sì gbé e síta. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń pín in kiri. Jìnnìjìnnì bo ìyá rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà sọ̀rọ̀. Ọmọ kan yìí ni mo ní o."

"Dìde, Ṣẹ̀rífá. Ṣé èmi wà láyé, kí nǹkan wá ṣe Zíkì? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Lọ fọkàn balẹ̀."

Ó lọ fọkàn balẹ̀, tí ẹ bá rí bó ṣe sùn lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agogo ń dún ládùúgbò pé kí obìnrin wọlé, Orò ń jáde lọ́sàn-án. Kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ló máa béèrè ìdí? Ọmọ nídìí Orò ni Ṣẹ̀rífátù, bàbá rẹ̀ ló ń darí rẹ̀ kó tó kú. Láti kékeré, tí agogo bá ti dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti mọ̀nà ilé kí ọkàn rẹ̀ tó ronú. Bùsàrí fúnra rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìlú ò rọgbọ, a fẹ́ tún un ṣe. Wọlé, kó o ti fèrèsé." Ó wá kọjú sí Zikrullah. "Ìwọ, fọwọ́ ẹ, kó o máa bọ̀. A nílò àwọn ọ̀dọ́."

Zikrullah ń fi ọṣẹ fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀. Gíríìsì yẹn kì í lọ tán, òórùn rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀ títí dórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màmá, ẹ fi ẹ̀bà mi pamọ́ o. Ẹ má jẹ́ kó tutù jù," ó sì tẹ̀ lé Dádì rẹ̀ lọ.

Ṣẹ̀rífátù tilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ ohùn Orò tó ń ké bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó tún gbọ́ ìró ọkọ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ọkọ̀ kẹ̀? Ẹnìkan wá figbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igbe náà sì jọ ohùn ẹni tó mọ̀. Kíá ló fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì, nítorí ohun tí kì í ṣe ti obìnrin, kò gbọdọ̀ tẹ́tí sí i. Bó ṣe jókòó nìyẹn, ó fi ìka di etí títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Bùsàrí ló wọlé. Ó mú fìlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣẹ̀rífá, ọmọ yẹn yọ fóònù jáde. Ó fi fóònù ya Orò. Mo pariwo mọ́ ọn, kò gbọ́." Ó gbójú sílẹ̀. "Orò ti gbé e."

Ẹnu Ṣẹ̀rífátù là, igbe ń bọ̀. Bùsàrí fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kó tó jáde.

"O mọ bó ṣe rí. Ọmọ ilé yìí ni ẹ́. Kò sí ẹkún, kò sí fìdáù, kò sí pé ò ń bi ẹnikẹ́ni léèrè níbi kankan. Tó o bá sunkún, o tún kó bá àwa tó ṣẹ́kù. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbọ́. Àti pé ó gbà á gbọ́! Kí ni kò ní jẹ́ kó gbà á gbọ́? Òun ló ra fóònù náà fún ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sóhun tí ọmọ yẹn ò lè yà. Àwa ará àdúgbò náà gbọ́, a sì ṣe bí a ti ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò kí i kú ìrọ́jú. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọmọ náà létí rẹ̀ mọ́. A ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, a ń wo ibòmíràn. Ìwà wa nìyẹn, kò sì dáa.

Báyìí ló ṣe ń gbé ẹkún náà kiri. Tó bá ti fẹ́ ya lójú rẹ̀, á sáré wọ inú ilé yìnyín, á dúró láàárín òtútù, tó bá jáde á ní yìnyín ló ta sí òun lójú. Bùsàrí ń tọ́jú rẹ̀, ó ń fi ẹran ránṣẹ́ nígbà Iléyá, ó bá a tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ṣẹ̀rífátù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Àwọn obìnrin mìíràn tí ṣọ́jà kó èèyàn wọn ní tiwọn ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni wọ́n sọ di ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ìlú níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹbí dúró lẹ́nu géètì. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá wá tó sì bẹ̀bẹ̀ léraléra, ó lè rí i gbà. Muslimah, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ṣẹ̀rífátù, lọ títí ó fi gba Síkírù ọkọ rẹ̀ padà. Nígbà tó ń lọ, Ṣẹ̀rífátù máa ń fún un ní omi tútù dání sọ́nà, á ní kó fi fún àwọn tó wà níbẹ̀. Àánú Muslimah ṣe é gan-an. Kódà ọjọ́ kan wà tó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé ti òun sàn díẹ̀, Orò ilé bàbá òun ló gbé ọmọ òun, kì í ṣe àwọn ọ̀daràn yẹn.

Ìjọba tó ní òun ò ní pẹ́ lọ, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó máa wá lọ, ìrọ̀rùn tó fi lọ yà wá lẹ́nu. Àwọn ọ̀gá ti pín sí méjì, àwọn ṣọ́jà kéékèèké tí wọn ò sanwó fún kọ̀ láti jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orin ológun tún bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò bíi tìgbà àkọ́kọ́, ohùn mìíràn sì bọ́ sí i, ó ní àwọn tó ní àwọn wá lé olè, olè paraku ni wọ́n. Kọ́nẹ́ẹ̀lì bọ́ kákí, ó wọ bùbá, ó sá sáàárín àpò ẹ̀gẹ́ nínú ọkọ̀ ẹrù. Agbówà ni wọ́n ti mú un. Bàtà ológun tó kọ̀ tí kò bọ́ ló tú u fó. A tún lọ jó ní Gáréèjì, àwa náà lóhun tó ń ṣe wá. Ta lẹ sì rò pé ó wà níwájú nínú aṣọ funfun tuntun, tó ń kí ìjọba alágbádá káàbọ̀ sí Ìbèṣè? Alàájì Bùsàrí ni!

Wọ́n ṣí ilé ìkẹ́rùsí Ẹ̀pẹ́ yẹn sílẹ̀. Àwọn tó kù níbẹ̀ ń bọ̀ nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbẹ, irùngbọ̀n wọn kún. Ṣẹ̀rífátù ń fọ́ yìnyín níta lọ́sàn-án nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dúró síwájú rẹ̀. Ọláòtán ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀ṣun tó háyà ilé ní Ìkòròdú, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí wọ́n tó gbé e.

"Ṣé ẹ̀yin ni màmá Zikrullah? Zikrullah oní ẹ́ńjìnnì?"

Òòlù dúró lókè. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu èèyàn.

"Èmi ni. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó, mà. Ojú yín ni mo wá wò. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé tó bá yọ mí, màá wá wo ojú ìyá tó lè kọ irú ọmọ yẹn sílẹ̀."

"Ta ni mo kọ̀ sílẹ̀? Orò ló gbé ọmọ mi."

"Orò kẹ̀? Orò wo ló wà ní Ẹ̀pẹ́? Orí ẹní kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ sùn títí ó fi kú."

Ṣẹ̀rífátù kò mọ ìgbà tó jókòó lórí yìnyín. Omi ń gba inú ìró rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò mọ̀. Ọláòtán wò ó títí, ìbínú ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní àwọn ṣọ́jà kò pa Zikrullah nítorí ó mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn tún ṣe, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tì í mọ́, níbi tí kò sí ará Ìbèṣè kankan. Ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń tètè wẹ̀, á wọ bàtà, á jókòó síbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ. Tí wọn ò bá pe tirẹ̀, á ní, "Màmá mi ò tíì mọ ibi tí mo wà ni. Tí wọ́n bá mọ̀, odi yìí ni wọ́n máa wó." Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan wá wà tí Alàájì kan bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì wá wo ibẹ̀. Zikrullah sáré sí i, ó ń pariwo pé, "Dádì! Dádì!"

"Mo wà níbẹ̀, mà. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Alàájì yẹn ní, 'Ìyá ẹ ní òun ò fẹ́ rí ẹ mọ́. O ti ba ayé ẹbí jẹ́. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò bímọ.'" Ọláòtán fi ọwọ́ nu ojú. "Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wẹ̀, kò wọ bàtà. Ibà kan wá dé nígbà tí ìjọba wọn ti ń mì, kò bá a jà rárá."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìkẹ́rùsí náà, níbi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù, Ọláòtán fi ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí hàn án. Ilẹ̀ náà dúdú. Ṣẹ̀rífátù bu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e símú. Òórùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni.

Ọláòtán ní, "Màmá, ẹ sunkún. Ẹ sunkún tó bá ń ṣe yín."

Ó mi orí. "Ilé ni màá ti sun ún. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi wà nílé."

Bùsàrí jókòó ní fàráńdà, ó ń ka tẹ̀sùbáà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án gangan. Kò kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Tẹ̀sùbáà dúró. "Ta ló mú ẹ lọ síbẹ̀?"

Kò bi í pé kí ló lọ ṣe. Ìyẹn nìkan tó, kò tún sóhun tó yẹ kí Ṣẹ̀rífátù bi í mọ́, síbẹ̀ ó bi í.

"Ṣé Orò jáde lọ́jọ́ yẹn?"

"Ṣẹ̀rífá, rọra sọ̀rọ̀, bọ́ sínú ilé."

"Ṣé ó jáde?"

Bùsàrí wò yí ká. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n ní kí n bá àwọn mú kí títì dá kí wọ́n lè mú un láìsí wàhálà. Wọ́n ní àwọn á kàn dẹ́rù bà á fún ìgbà díẹ̀ ni. Tí mo bá kọ̀, inú ilé yìí ni wọn ì bá ti yìnbọn. Ìwọ náà ì bá bá a lọ. Mo gbà ẹ́ là! O ò kàn mọ̀ ni."

"Ẹ lọ bá a níbẹ̀. Ó pè yín ní Dádì. Ẹ ní mo ní mi ò bímọ."

"Kó lè fọkàn kúrò nílé ni. Kò lọ́nà tó fi lè jáde mọ́, kí ló máa máa retí fún?"

Ṣẹ̀rífátù sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀.

"Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀. Ẹ gba ẹkún ẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ wá lọ gba ìyá lọ́wọ́ òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi, kí la fi ṣe yín?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bọ́ sójú títì níwájú ilé bàbá wọn, ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó sì fi ẹkún náà sílẹ̀. Áà! Gbogbo èyí tó ti gbé wọ inú ilé yìnyín láti ọjọ́ yìí, ó tú u dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Zikrullah o! Àjàní, ọkọ mi! Mi ò kọ̀ ẹ́ o! Mi ò mọ̀ ni o!" Àwọn obìnrin ń jáde lójúlé dójúlé, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí ẹni tí Orò gbé ni wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yẹn. Muslimah ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn.

"Muslimah! Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ mi wà! Omi tútù tí mò ń fún ẹ, ibi tó ò ń gbé e lọ gan-an ni ọmọ mi wà! Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ níbẹ̀! Kò sí Orò kankan lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló tà á!"

Ariwo ta láàárín àwọn obìnrin. Gbogbo ojú yí sí fàráńdà. Bùsàrí dìde, ó sì wọ inú ilé lọ.

Kò pẹ́ tí agogo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Obìnrin, ẹ wọlé o! Orò ń bọ̀! Ẹ wọlé o!"

Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń mọ́ni lára. Àwọn obìnrin tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tí wọ́n mọ ẹni tó ní kí wọ́n lu agogo náà, ẹsẹ̀ wọn yí padà. Muslimah fa Ṣẹ̀rífátù lápá. "Ìyá Zíkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ dìde, ẹ máa bọ̀ nílé mi." Nígbà tí kò dìde, òun náà sáré wọlé, ó ń sunkún. Àwọn ilẹ̀kùn ń pa dé gbàgà-gbàgà títí dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Títì dá.

Láti ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ ni ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ké bọ̀. Ọwọ́ Ṣẹ̀rífátù gbéra fúnra rẹ̀ sí etí, bó ṣe gbéra lọ́jọ́sí. Ó rí i pé ó ń lọ. Ó fà á sílẹ̀, ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ohùn náà dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń ké lórí rẹ̀. Kò yíjú wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ gbé èmi náà. Ẹ̀pẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí n lè ṣàlàyé fún un."

Ohùn náà dákẹ́. Ó gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, mímí àgbàlagbà tó mọ̀ dáadáa. Ṣẹ̀rífátù fa ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ìdí, ó ká a lérí, ó sì padà sẹ́nu ẹkún rẹ̀ níbi tó ti dá a dúró.